Jàlálù, Aṣojú Íńdíà ní Ìlobù

“Ẹ má bu ìrẹsì yẹn o! Ẹ dé ìkòkò padà! Íńdíà ti tìlẹ̀kùn!”

Ohùn Jàlálù nìyẹn, níbi yìgì ọmọ Alhaji Mansur ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, lọ́dún 2023 tí ìjọba Íńdíà pàṣẹ pé ọ̀pọ̀ ìrẹsì funfun kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀ wọn jáde mọ́. Orí rédíò ló ti gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dúró síwájú ìkòkò, ó na apá agbádá rẹ̀ bí adìyẹ tó rí àṣá.

“Jàlálù,” ni Mansur wí, “ìrẹsì tó ti jinná lo ní kí n tọ́jú di àmọ́dún?”

“Alhaji, ẹni tó bá ní in lónìí ni yóò ní in lọ́la.”

“Tó bá di ọ̀la, kíkan ni yóò kan.”

Jàlálù ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. “Ó dáa, ẹ máa bù ú. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù máa fi àròjinlẹ̀ jẹ ẹ́.” Nígbà tí ìmáàmù fi máa ṣe àdúrà ìparí, òun fúnra rẹ̀ ti ń fi àròjinlẹ̀ jẹ àwo kejì.

Ìtàn yìí ni Tíṣà Bámigbóyè ń sọ fún Comfort, ìyàwó rẹ̀, ní ìta ilé wọn ní Ìfọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín dé ibi tí ẹ̀rín ti ń pàdé omijé. Jàlálù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ti kú. Ọ̀la ni àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ní Ìlobù, Tíṣà sì fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wàhálà ilẹ̀ ti dé láàárín ìlú méjèèjì, kò fẹsẹ̀ tẹ Ìlobù mọ́. Bẹ́ẹ̀ bí ènìyàn bá sín ní Ìfọ́n, ará Ìlobù lè kí i pé pẹ̀lẹ́.

“Bàbá Jùwọ́n, ẹ má lọ,” ni Comfort wí. “Ẹ gbàdúrà nílé níbí. Àdúrà kì í wọ mọ́tò kó tó débi tó ń lọ.”

“Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àdúrà kì í bá opó jókòó.”

Ìfẹ́ Jàlálù sí Íńdíà ti ìgbà èwe wá. Kùmásì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ń yọ́ wọ ilé sinimá lọ wo fíìmù Íńdíà, kí ìjọba Gáná tó lé àwọn òbí rẹ̀ wálé lọ́dún 1969. Nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìlọta, kí ló tún bá lára ẹ́ńjìnnì? Orúkọ Íńdíà. “Ibi tí mo bá yà sí,” a máa wí, “àwọn àna mi ló ń pàdé mi.” Lójú tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì Íńdíà kì í kú, ó kàn máa ń sinmi ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a sì máa fèsì pé bí Jàlálù bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ìsinmi náà a túbọ̀ gùn.

Lọ́jọ́ kan, òun àti Tíṣà bá ọmọ Íńdíà kan pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Òṣogbo. Jàlálù pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ tó rántí nínú àwọn fíìmù Kùmásì jáde: ìfẹ́, ọkàn, ẹ̀jẹ̀, ìyá, ẹ̀san. Arákùnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé ìparí.

“Bàbá,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ni kẹ́ ẹ máa bá mi sọ. Èkó ni wọ́n bí mi sí.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi dé ibùdókọ̀. Jàlálù kò mira rárá. “Ìwọ ṣáà wo sùúrù ọmọ náà,” ló wí. “Ẹni tí kò gbọ́ èdè Íńdíà kò lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.”

Lọ́dún ìrẹsì náà ni Íńdíà gbé ẹ̀rọ kan gúnlẹ̀ sí ìhà gúúsù òṣùpá. Jàlálù fi ìròyìn yẹn sínú, ó ń wá ọjọ́ tí yóò wúlò. Ọjọ́ náà dé nírọ̀lẹ́ tí àwọn àgbà mọ́sáláṣí kó jọ síta, tí wọ́n ń ranjú mọ́ sánmà, tí wọ́n ń wá oṣù Ramadan, tí ìkùukùu sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Kí la ń dààmú ara wa sí?” ni Jàlálù bi wọ́n. “Ẹ pe Íńdíà lórí fóònù. Ẹrù wọn wà níbẹ̀.”

Ìmáàmù wò ó láti òkè délẹ̀. “Jàlálù, ojú la fi ń wá oṣù. A kì í fi fóònù wá a.”

“Ìmáàmù, bí ẹ bá ń wá ilé kan, tí ẹ sì mọ ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà nínú ilé náà, ṣé ẹ kò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni?”

Ìmáàmù mí kanlẹ̀, ó ní kí ó máa pè wọ́n nígbà náà. Jàlálù yọ fóònù, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì dá a padà sápò. Káàdì inú rẹ̀ ti tán.

Ọ̀rọ̀ èéfín ni èyí tó kan Tíṣà fúnra rẹ̀. Rédíò ti sọ pé èéfín bo ìlú Delhi bí aṣọ, àti pé iná tí àwọn àgbẹ̀ ń fi sí pòròpórò oko wà lára ohun tó fà á. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà, Tíṣà ti ṣá igbó oko rẹ̀ nílẹ̀, ó ti mú ìṣáná dání, ni Jàlálù bá já dé láti Ìlobù, ó faṣọ dí imú, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́.

“Má ṣáná sí i! Ṣé o fẹ́ sọ Ìfọ́n di Delhi ni?”

“Jàlálù, ṣé Delhi ni yóò bá mi kó igbó yìí kúrò?”

“Èmi ni.”

Ó bọ́ ẹ̀wù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó igbó. Nígbà tí oòrùn fi kàn án lórí, ó jókòó sábẹ́ igi, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó wo òkìtì tó kù. Ó na ọwọ́ sí Tíṣà. “Mú ìṣáná wá. Díẹ̀ báyìí, Delhi ò ní mọ̀.”

Lẹ́yìn náà ni wàhálà ilẹ̀ dé. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn bọ̀ sọ́dọ̀ ara wọn láti kékeré di ọ̀nà tí à ń wò lókèèrè. Wọn kò fojú kan ara wọn títí di oṣù kẹwàá ọdún 2024, tí fóònù Tíṣà dún.

“Tíṣà! Íńdíà àti Ṣáínà ti fẹnu kò lórí òkè ààlà wọn! Àwọn ológun wọn yóò sún kúrò níwájú ara wọn, àwọn darandaran yóò sì padà síbi tí wọ́n ti ń da ẹran tẹ́lẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wá kàn wá níbẹ̀?”

“Èmi darandaran, ìwọ darandaran. Ibo ni àwa yóò ti máa jẹko?”

Òṣogbo ni wọ́n fẹnu kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà méjì tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé ara wọn kí òógùn tó bọ̀ ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Jàlálù kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó láìkọ́kọ́ bọ ara wọn lọ́wọ́, kí ọwọ́ náà sì pẹ́ nínú ara wọn bíi ti àwọn olórí ìjọba.

“Ṣé wọ́n ń ya wá ní fọ́tò ni?” ni Tíṣà bi í.

“Dúró dáadáa. Ayé ń wò wá.” Bí wọ́n bá sì fẹ́ túká, Jàlálù a dìde, a tún ọ̀fun ṣe: “Ikọ̀ Ìlobù àti ikọ̀ Ìfọ́n ti jọ jíròrò. Ìjíròrò náà yọrí sí rere. Tíṣà, ra ẹ̀pà fún mi.”

Comfort rẹ́rìn-ín sí èyí, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. “Ẹ sì tún fẹ́ lọ lọ́la?”

“Ìyá Jùwọ́n,” ni Tíṣà wí, “kò lè wá sí Òṣogbo mọ́.”

Obìnrin náà wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dàńṣíkí ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ìlobù lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ àtíbàbà yíjú sí i. Ẹnì kan kùn lẹ́yìn pé, “Ará Ìfọ́n rèé.”

“Ará Jàlálù ni,” ni Ìmáàmù dáhùn, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Àṣírù, àkọ́bí olóògbé, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wúlẹ̀mọ̀tù, opó, jáde, ó kúnlẹ̀. “Tíṣà, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ó mà pẹ́ tẹ́ ẹ ti fojú kan ọ̀rẹ́ yín o.”

“Kò pẹ́ rárá. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀ la jọ wà ní Òṣogbo. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń pàdé níbẹ̀.”

Wúlẹ̀mọ̀tù gbé ojú sókè. “Òṣogbo? Ó ní bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì lòun ń lọ rà! Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! A sì máa wọ ẹ̀wù tó dára, a fi lọ́fíńdà sára. Mo ti gbà pé ó ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀.”

“Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ forí jì mí,” ni Tíṣà wí. “Èmi ni ìyàwó náà.”

Àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó kùn lẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Òun náà ló dìde, tó fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún Tíṣà. Wúlẹ̀mọ̀tù rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí ẹ̀rín àwọn yòókù ti rọlẹ̀, tirẹ̀ kò tíì tán, ó ń fi ìṣẹ́tí ìbòrí nu ojú, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń nù.

“Ó kéré tán,” ló wí nígbẹ̀yìn, “ó máa ń padà wálé pẹ̀lú inú dídùn.”

Lẹ́yìn àdúrà, òjò dá wọn dúró. Òjò náà kò dá mọ́, Àṣírù sì tẹ́ ẹní fún àlejò. Tíṣà pe Ìfọ́n pé kí wọ́n má ṣe retí òun, ó di ọ̀la.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá Wúlẹ̀mọ̀tù lágbàlá, tó ń fi okùn lé ewúrẹ́ kan yípo.

“Tíṣà, ẹ kú ojúmọ́. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú.”

Tíṣà ká apá dàńṣíkí rẹ̀ sókè. “Darandaran ti padà síbi tó ti ń da ẹran tẹ́lẹ̀,” ló wí sínú. Ó gbá ewúrẹ́ náà mú níwo, ó sì dúró tì í títí tí obìnrin náà fi so ó tán.