Mọ́mì Rẹ-Ẹ́-Sómi

Kò sí oníṣòwò aṣọ ní Ìkòròdú Gàréèjì tí kò mọ ìtàn jalabíà Súbérù. Mọ́mì, ìyá ọkọ mi, ń wá ìrépé aṣọ tí wọ́n máa tò pọ̀ rán ìbora fún ọmọ inú mi. Súbérù tó ń tà á búra: "Àlàájà, wàlàhí, aṣọ yìí kì í ṣí!" Mọ́mì ò bá a jiyàn. Wọ́n da omi sí aṣọ náà, wọ́n fi ń ha àyà jalabíà funfun tó wà lọ́rùn ẹ̀ bí ẹni ń fọ ìkòkò. Kíá, àyà Súbérù ti di búlúù.

"Àlàájà! Ọjọ́ Jímọ̀ nìyí o! Mọ́ṣáláṣí ni mò ń lọ!"

"Ìwọ lo búra. Máa lọ ṣàlàyé fún Ọlọ́run."

Bí àwọn ará ọjà ṣe sọ wọ́n ní Mọ́mì Rẹ-Ẹ́-Sómi nìyẹn. Mọ́mì rò pé oyè ni. Gbogbo garawa ilé ló kún fún aṣọ rírẹ. Èmi aláboyún ò rí ti ìwẹ̀ lò.

L'Ọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Wọ́n tẹ́ ìrépé kan sórí ẹja yíyan Fọláwùmí, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Fọláwùmí ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ ra ẹja ni, àbí ẹ fẹ́ daṣọ bò ó kó sùn?"

"Dákẹ́ jàre. Tí òórùn ẹja bá lè kúrò lára aṣọ, ti ìtọ̀ ọmọ náà á kúrò."

Kò kúrò. Ológbò mẹ́rin ló wá jókòó ti okùn tí wọ́n sá a sí.

Mo bí Rodiat, ó jókòó, ó hu eyín méjì, kò sí ìbora. Láńre ọkọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ ṣe kíá."

"Ìwọ ni mo kánjú bí. Wo bó o ṣe rí."

Nígbà tó yá, ó ku ojú kan ṣoṣo láàárín ìbora náà. Mọ́mì fa ìró àdìrẹ kan yọ nínú àpótí, wọ́n gé e, wọ́n rán an mọ́ ọn.

"Mọ́mì, ẹ ò ní rẹ èyí sómi?"

"Èyí? Ó ti wà lọ́dọ̀ mi kí n tó bí ọkọ ẹ. Ṣé kí n tún máa fura sí ẹni tá a jọ ń gbé?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì sùn, wọn ò jí mọ́.

Lẹ́yìn fídáù, mo fọ ìbora náà. Yéè! Gbogbo aṣọ tó yege lọ́wọ́ omi, lọ́wọ́ ẹja, ló di búlúù. Àdìrẹ Mọ́mì ló ṣí! Láńre rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ká tú u kúrò.

Mo ní, "Tú kí ni?"

Ìgbàkígbà tí mo bá fọ̀ ọ́, omi ẹ̀ ṣì máa ń ní búlúù díẹ̀, ó kàn ń dín kù ni. Ní báyìí, tí Rodiat bá tọ̀ sí i, mo kàn máa ń sá a sóòrùn. Kó máa rùn. Mi ò fẹ́ kí Mọ́mì tán lára ẹ̀.