Àdúrà Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kò Lè Parí

Bí mo bá ń rántí ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, omi ni mo kọ́kọ́ máa ń rí. Kì í ṣe omi òjò tó ń pariwo lórí páànù o, omi tó ti wọlé tó sì ti dákẹ́ ni. Màá jí láàárọ̀, màá rí i tó tẹ́ pẹrẹsẹ sí gbogbo yàrá, tí bàtà mi ń léfòó lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé á wọnú omi, á tún gbéra lọ máa mì lára àjà. Ó máa ń dùn ún wò, kí n má parọ́. Ìyá mi á ti ká ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, àfi bíi pé inú ọkọ̀ ojú omi la wà, tí a ò sì kánjú àtidé ibì kankan.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi máa bẹ̀rẹ̀, omi yẹn ò dùn ún wò lójú mi mọ́. Ìyá mi ti ń dàgbà. Yàrá rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù nínú ilé, gbogbo ìgbà òjò ni ikọ́ sì ń bá a fínra. Èmi ń ṣe tíṣà nígbà náà, mo sì ń lọ sí yunifásítì láti fi kún ìwé tí mo kà. Mo ti gba ilé sí Sùúrùlérè, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé látàárọ̀ dalẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé nígbà yẹn ni kí ìyá mi kúrò nínú omi, kó wá máa bá mi gbé. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Bàbá mi ló ń dá a dúró. Bàbá mi ti kú látìgbà tí mo wà ní kékeré, àgbàlá ilé ni wọ́n sì sin ín sí, bí wọ́n ti ń sin àwọn àgbà ilé wa, ní ẹ̀yìn ògiri yàrá ìyá mi gan-an. Bí ìyá mi bá ti kírun Àsùbáà tán, á ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, á sálámà sí i, á sì ròyìn fún un: bí ẹ̀wà tó ń tà ṣe rí ní ọjà Sandgrouse, ẹni tó bímọ, ẹni tó wá jà. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wá ní kó dìde ká lọ, á wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ta ni kí n fi bàbá ẹ sílẹ̀ fún?”

Màá gbé báàgì mi, màá gba ọ̀nà Ìta Fájì jáde, inú á máa bí mi sí ẹni tó ti kú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní ẹ̀ka tí mo ti ń kàwé, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọkùnrin tínrín kan báyìí tí kì í gbé ohùn sókè. Omi òkun, ojú ọjọ́ tó ń yí padà àti bí ìjọba ṣe ń to ìlú ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń gbé e sórí pèpéle ní yunifásítì láti bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn tó ń wá ò ju àwa náà lọ. Ó wá ní ọ̀rọ̀ yìí ti sú òun. Ó ní àwọn tí omi ò wọlé wọn rí ni wọ́n ń gbọ́ ọ, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n sì ń lọ sílé gbígbẹ. Ó lọ gba gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ní ibẹ̀ lòun ti fẹ́ sọ ọ́. Òyìnbó ló máa fi sọ ọ́, nítorí ó ní gbogbo ohun tóun mọ̀ nípa omi, Òyìnbó lòun fi mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n wá máa túmọ̀.

Mi ò fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìyá mi. Mo ní, “Ẹ wá gbọ́ ohun tí omi fẹ́ ṣe, màámi, bóyá ẹ máa gbà fún mi.”

Ó ní òun á wá. Ó ní òun ò sì ní dá wá.

Gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀ ló kó wá. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì ni wọ́n dé, nínú aṣọ funfun tí wọ́n jọ rà ní Jànkárà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ẹní lábẹ́ apá. Lójú tiwọn, ibi tí ọkùnrin tó mọ̀wé bá ti fẹ́ dìde kó bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wáàsí ni, kí ló tún kù? Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti àwọn àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò wọ́n, ó wò mí, lòun náà bá rọra bọ́ bàtà rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kan ti lu ní àtàǹpàkò. Èmi tí mo dúró tì í, ajánásì ni mo dà, ẹni tó máa ń ka ọ̀rọ̀ inú ìwé jáde kí ààfáà tó túmọ̀ rẹ̀. Tiwa ló kàn dorí kodò, tó jẹ́ pé ààfáà ló ń kà, tí ajánásì ń túmọ̀.

Mi ò tíì rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dùn tó ìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ayé ń gbóná sí i, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi tútù sí i. Ó ní àwọn kan ń kó yanrìn dí ọ̀sà kí wọ́n lè kọ́ ilé ńláńlá síbẹ̀, pé omi tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ kì í parẹ́, ilé ẹni tí ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ló ń wọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn gbé kábíárà, pé Ọlọ́run tóbi.

“Ẹ tún un sọ, ààfáà! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ!”

Ààfáà tún un sọ. Ó ti ń làágùn, inú rẹ̀ sì ti ń dùn. Mo rò pé wọn ò dá a lóhùn báyìí rí láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ káàkiri. Atẹ́gùn etí ọ̀sà ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń gbé ìborùn àwọn ìyá sókè díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó wà nínú oorun ọ̀sán.

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pa fèrèsé dé, kí wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Àwòrán Ìsàlẹ̀ Èkó ni, bí ẹyẹ ṣe máa rí i láti òkè. Inú wọn dùn. Wọ́n ń nàka sí ilé wọn, wọ́n ń nàka sí mọ́ṣáláṣí. Ó yí àwòrán kejì sí i, ilé kan náà, òpópó kan náà, ṣùgbọ́n ó ti kun ibi tí omi máa dé láyé àwọn ọmọ wọn ní búlúù. Àfi bí ìgbà tí aró dà sórí aṣọ. Búlúù náà fò láti ara ògiri, ó bà sórí ìborùn funfun wọn, sójú wọn, sórí ọwọ́ ìyá mi tó wà lórí tẹ̀sùbáà. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Òpópó tiwa wà nínú rẹ̀. Mo rí i tí ìyá mi ń wá a kiri, mo rí ìgbà tó rí i.

Ó dìde. Ó rìn kọjá láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wá síwájú, àwòrán náà sì wà lára aṣọ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa kó lè yé yín: bí ààfáà bá rí ohun burúkú kan nípa ẹnì kan, tó sì fi ẹnu sọ ọ́ jáde, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láìgbàdúrà kí ohun náà má ṣẹ. Ẹnu tó sọ ọ́ ló máa bẹ̀bẹ̀ fún un.

“Ààfáà, ẹ kú iṣẹ́ o,” ni ìyá mi wí. “A ti rí ohun tí ẹ rí. Ẹ wá bá wa ṣàdúrà sí i.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ Yorùbá, kò dúró dè mí. “Màámi, ẹ má bínú, èmi kì í ṣe ààfáà o. Tíṣà ni mí.”

“Ṣé ẹ ò mọ Ọlọ́run ni?”

“Mo mọ̀ Ọ́n, mà.”

“Ó tán nìyẹn. Ẹ ṣe é.”

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Gbogbo wọn ti tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n ń dúró. Ó tẹ́ tiẹ̀ náà, ó sì fi ohùn kékeré kan gbàdúrà tí mo ṣì ń gbọ́ létí títí dòní. Ó ní, “Ọlọ́run, má jẹ́ kí omi yìí bá àwọn ìyá wa nílé. Jẹ́ kí wọ́n ti wà níbi tó ga kó tó dé.”

Wọ́n ṣe àmín, wọ́n fọwọ́ pa ojú, bí a ti ń ṣe tí àdúrà bá parí. Ìyá mi nìkan ni kò pa ojú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní títẹ́.

“Ó ku èyí tó ṣe pàtàkì, ààfáà. Ẹ bẹ̀ Ẹ́ kó má wá rárá.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ya ẹnu, ó sì pa á dé. Ó wo ògiri, ó wo ìyá mi. Ó tún ya ẹnu, kò sóhun tó jáde. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́,” ló sọ nígbẹ̀yìn, omi sì lé sójú rẹ̀. Ìyá mi wò ó, kò bínú. Ó rọra gbé ọwọ́ sókè, ó fi pa ojú.

Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, òòrùn ti ń wọ̀, ọ̀sà ń dán, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà. Ẹnu géètì wa ló ti dúró.

“O rí i? Ó mọ Ọlọ́run, kò sì lè bẹ̀ Ẹ́. Ọkùnrin yẹn ò parọ́.” Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. “Ìgbà wo lo fẹ́ ká lọ?”

Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, mo sì dúró síbẹ̀, mò ń sunkún.

Kó tó kúrò, ó din mọ́sà, ó fi ṣe sàráà fún gbogbo ilé. Ó fọ yàrá náà mọ́ bí ẹni pé àlejò ń bọ̀. Ó wá ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, ó bá bàbá mi sọ̀rọ̀ pẹ́, ó sì ní kí n lọ dúró lóde. Ní Sùúrùlérè, ikọ́ náà fi í sílẹ̀. Fèrèsé tó kọjú sí Ìsàlẹ̀ Èkó ló yàn, ibẹ̀ ló ti ń sálámà láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò ròyìn ọjà mọ́. Ó ní ibẹ̀ jìnnà, òun ò lè máa pariwo.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, tí èmi náà ti parí ìwé mi, tí mo ti ń dúró níwájú ènìyàn máa ṣàlàyé omi, àbúrò bàbá mi wá kí wa ní ìgbà òjò. Ó ní omi ò mọ sí yàrá mọ́, ó ti gba àgbàlá.

“Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín?” ni ìyá mi bi í.

“Ó dé ibẹ̀, ìyàwó wa.”

Ìyá mi yíjú sí mi. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, bó ṣe tẹ́ ẹ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn.

“Ìwọ náà ti di ààfáà wọn,” ló wí. “Bá mi parí àdúrà yẹn.”

Mo ya ẹnu. Òjò ń rọ̀ lóde. Ìyá mi dúró, ó dúró, kó tó wá gbé ọwọ́ sókè, kó sì rọra fi pa ojú.