Ọ̀gbẹ́ni Ìdó

Olúyẹmí, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, mọ ọ̀rọ̀ sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo bi àwọn ẹlòmíràn ní yunifásítì tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣèlú ní Adó. Wọ́n ní òótọ́ ni, àfi tí u bá ti kó sí i lẹ́nu.

Ilé là ń pè ní ulé ní Èkìtì. Ní sáà tó kọjá, nígbà tó ń jiyàn fún Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀, "ùlú yìí" ló bọ́ sí i lẹ́nu dípò "ìlú yìí". Àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Àtúnṣe, tí wọ́n jọ ń du ìjọba akẹ́kọ̀ọ́, fi "ùlú" kọrin títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ Èkìtì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Akínbọ́lá, alága Ìmọ́lẹ̀, kò fi bò fún un. "Tí wọ́n bá tún fi ẹ́ rẹ́rìn-ín, Títílayọ̀ ló máa gbẹnu sọ fún wa nígbà ìbò."

Ni Olúyẹmí bá fi gbogbo ìsinmi kọ́ ẹnu rẹ̀. U tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ di i. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá Ìbàdàn ló ti ń kàwé.

Ọjọ́ àríyànjiyàn pé. Bọ́ọ̀sì tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ láti ibùdókọ̀ Fájuyì wá sí yunifásítì ni wọ́n fẹ́ jiyàn lé lórí. Ọ̀gbẹ́ni Udoh ni alága ètò, olùkọ́ tó wá láti Akwa Ibom, tó sì ti pẹ́ ní Adó débi tó fi gbọ́ Yorùbá dáadáa. Olúyẹmí tẹríba fún un.

"Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Ìdó..."

Fúnkẹ́mi, agbẹnusọ Àtúnṣe, ló kọ́kọ́ gbá a mú. "Ẹ̀gbọ́n, Ìdó wo? Ìdó-Èkìtì ni àbí Ìdó-Ilé?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Udoh náà ń rẹ́rìn-ín. "Úyò ni wọ́n ti bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di Ìyò."

Olúyẹmí nu ojú. "Ẹ má bínú, sà. U ni mò ń sá fún. Mi ò rántí pé ó wà nínú orúkọ yín."

Ẹ̀rín yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kò ṣọ́ ẹnu mọ́. Ó sọ ulé, ó sọ ùlú. Ó sọ bí àwọn tó ń ti Ìyìn wá ṣe máa ń dé Fájuyì kí wọ́n tó rí i pé bọ́ọ̀sì ti kún, tí ọlọ́kadà á sì bu owó tó wù ú lé wọn. Kò sẹ́ni tó kọrin.

Wọ́n sọ fún mi pé Olúyẹmí ló borí. Máàkì tí wọ́n kà kò sọ bẹ́ẹ̀: Àtúnṣe ló gbé e. Akínbọ́lá náà kò yí ọ̀rọ̀ padà.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín," ló wí.

"Èmi ni mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì."

"Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Títílayọ̀ gba ipò Olúyẹmí. Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá a pẹ̀lú ìwé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ nígbà ìbò. Ọmọ Ìgèdè-Èkìtì lòun náà.

"Ṣé kí n fi u sí i?"

"Fi sí i," ni Olúyẹmí wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè orúkọ alága."