Alágbàfọ̀ Tó Ń Wá Ilé Àdúrà

Ṣàà! Ohùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí aṣọ tútù. Kí n tó mọ orúkọ ara mi dáadáa ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jẹ́ alágbàfọ̀ ní yàrá iwájú ilé wa. Ìyàwó rẹ̀ á máa wọ́n omi, òun á máa lọ aṣọ, àwọn méjèèjì á sì jọ máa gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí ìyàwó náà kú, àdúrà bá a lọ. Kì í ṣe pé bàbá yìí bínú sí Ọlọ́run. Ó ní bí òun bá ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ á há sí òun lọ́fun. Ló bá pinnu láti wá ilé tí ọ̀fun òun yóò ti là, ibi yòówù kó jẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bá lọ ẹ̀wù akọrin ló kọ́kọ́ lọ. Gbogbo èèyàn dijú, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ ká bí ewé gbígbẹ. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń tẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà fò sókè, ó ké "Halelúyà!" Ó rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló fọwọ́ kan òun.

Ó gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ó fara balẹ̀ kọ́ ìdúró àti ìforíkanlẹ̀. Ṣùgbọ́n jalàbíà ẹni iwájú ká jọ, ọwọ́ tún lọ síbẹ̀. Wọ́n kírun tán, onítọ̀hún yíjú sí i: "Alágbàfọ̀, ṣé Ọlọ́run lo wá bá ni, àbí ẹ̀yìn mi?" Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Àdúrà kò ṣáà jáde.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ so ọwọ́ yẹn mọ́lẹ̀," ìyá mi ní. "Ẹ sì wo ẹ̀wù ọrùn yín! Aṣọ ayé ń dán, tiyín dà bí èyí tí màlúù jẹ, tó tún pọ̀."

"Ẹni tó ń bá mi lọ tèmi kò sí mọ́."



Ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ ni pé kò bú ilé kankan tó kúrò. Ẹ̀wù akọrin àti jalàbíà jọ wà lórí okùn kan ni, ó sì ń lọ̀ wọ́n dáadáa bákan náà. Ẹlòmíràn ìbá ti jókòó sílé, kó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òun tún kan ilẹ̀kùn mìíràn.

Yàrá àdúrà kékeré kan ni, lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kì í wàásù, wọ́n kàn ń jókòó jẹ́ẹ́, títí ọ̀rọ̀ á fi wá sẹ́nu ẹnì kan. Ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bùbá ìyá arúgbó tó wà níwájú rẹ̀ ká léjìká ọ̀tún. Ọwọ́ yọ́ jáde.

Ìyá náà kò wẹ̀yìn. "Ọmọ mi, apá òsì náà ká. Bá mi tẹ́ ẹ."

Ó tẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́, tí ọ̀fun rẹ̀ sì là. "Olúwa, ìyàwó mi ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ. Bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Àmín," ìyá náà ní. "Ọwọ́ rẹ mà gbóná o."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ku ọ̀la kó padà síbẹ̀, mo gbọ́ ṣàà láti yàrá iwájú. Mo yọjú. Ó ti sún aṣọ àwọn oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀wù ara rẹ̀ ló tẹ́ sílẹ̀. Ó wọ́n omi fúnra rẹ̀, ó lọ ọrùn, ó lọ apá méjèèjì, ó yí i, ó lọ ẹ̀yìn. Ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ, ó sì fi ẹ̀wù náà kọ́.