Àwọn Lékeléke Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Zacchaeus

Tíṣà ni Aasiyah, àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń kọ́ ní Ìgàndó. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, tí òpin ọ̀sẹ̀ dé, ẹyẹ ló máa ń wá kiri. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń tọpa ẹyẹ: wọn a wo ibi tí àwọn ẹyẹ kọ́ ìtẹ́ sí, bí wọ́n ṣe pa ẹyin wọn, àti bóyá ọmọ wọn yè.

Ibi tó fẹ́ràn jù ni ìdí igi ọdán ńlá kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, lẹ́yìnkùlé Ìyá Zacchaeus. Lọ́dọọdún, lékeléke a funfun lórí igi náà bí aṣọ tí wọ́n sá. Ìyá náà kì í sọ pé ariwo wọn ń dí òun lọ́wọ́. Á bu ẹ̀pà sísè fún Aasiyah, á ní, "Wá ka àwọn àlejò mi fún mi."

Sátidé kan ni Aasiyah wọlé tó bá Zacchaeus, ọmọ ìyá náà, lábẹ́ igi pẹ̀lú Ràímì agégi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gégi wà nílẹ̀. Wọ́n ti so okùn mọ́ ẹ̀ka.

Aasiyah yára lọ bá wọn. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Àǹtí tíṣà, ẹ wá wò ó."

Zacchaeus mú un lọ sí òdìkejì igi. Ìjì tó jà láàárín ọ̀sẹ̀ ti mì í tìdí tìdí. Ilẹ̀ ti sán, gbòǹgbò ti yọ síta, igi náà sì ti fì sápá ilé aládùúgbò. Ẹ̀ka kan ti já lu òrùlé ilé ọ̀hún, ó bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ kékeré kan. Orí ló kó ọmọ náà yọ: ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà náà.

Aasiyah gbé awò tó ń sún ohun tó jìnnà mọ́ni sójú. Ọmọ lékeléke kún inú ìtẹ́. Ìyẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

"Wọn ò tíì lè fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Nínú òjò yìí? Tó bá wó lu ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀?"

Aasiyah kọjú sí Ràímì. "Ṣé ẹ ò lè gé apá kan, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀?"

Ràímì mi orí. "Gbòǹgbò ló já, àǹtí. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Aasiyah pe olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọpa ẹyẹ lórí fóònù. Ìyẹn kẹ́dùn, ó ní ẹ̀mí èèyàn ló ṣáájú. Aasiyah náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ì bá rọrùn fún un ká ní ó rí ẹni bínú sí.

Ìyá Zacchaeus jókòó sí fàráńdà. Látìgbà ọyẹ́ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá kan, ọ̀rọ̀ sì ti wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó di ọwọ́ Aasiyah mú.

"Mo bẹ ọmọ mi títí," ló wí. "Kò jẹ̀bi, ṣá. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rọ bú ramúramù. Àwọn lékeléke gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń yí po lókè, wọn ò lọ. Ràímì ń fi okùn sọ ẹ̀ka kalẹ̀ pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, nítorí ojú Aasiyah, síbẹ̀ ìtẹ́ ń tú dànù. Aasiyah gbé abọ́ ìfọṣọ, ó ń ṣa àwọn tó ṣì ń mí. Wọn ò pọ̀.

Ó gbé wọn wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Ó gé ẹja wẹ́wẹ́, ó fi sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ń ya ẹnu, wọn ò gbé e mì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kú. Èyí tó kẹ́yìn gbìyànjú títí di ọjọ́ kejì. Kí Aasiyah tó kí ìrun àṣálẹ̀ tán, òun náà ti gan.

Nígbà tó padà lọ kí Ìyá Zacchaeus, àwọn lékeléke mélòó kan ṣì dúró lórí ọgbà, wọ́n kọjú síbi tí igi wà tẹ́lẹ̀. Oòrùn ti ń wọ fàráńdà báyìí.

"Ṣé wọ́n á padà wá lámọ́dún?" ni ìyá bi í.

"Mi ò mọ̀, mà."

Ó fa àga ìyá náà kúrò nínú oòrùn, ó sì jókòó tì í.