Ẹni Tó Ní Ká Máa Kúnlẹ̀ Kí Ẹja

Ìtàn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Dókítà Fọlájìmí ni ti ọjọ́ tí ọ̀gá ìjọba kan wá wo ẹja rẹ̀ ní láàbù yunifásítì ní Sokoto. Ọ̀gá náà dúró gbọnrangandan ti táǹkì nínú babanríga funfun, ó fi Hausa kí wọn pé, "Sannunku." Ni àwọn ẹja àrọ̀ bá ta gìrì, omi sì fọ́n sí babanríga. Ó ń retí kí àwọn ará láàbù bẹ òun. Dókítà fi Hausa ṣàlàyé fún un pé ìjayà yẹn ti mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹja lọ sókè, kó padà wá lọ́túnla, kó sì lóṣòó kí wọn dáadáa. Ọkùnrin náà padà wá lóòótọ́, ó sì lóṣòó.

Muhsinah, ọmọ aláṣọ ará Ìlọrin tó ń tajà ní àdúgbò Kofar Doya, ló fojú winá àṣà yìí jù. Ó wá gba oyè másítà lábẹ́ Dókítà, lórí ohun tí ooru ń ṣe sí ara ẹja. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dókítà bi í bó ṣe ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀. Ó ní òun ń kúnlẹ̀ ni.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kó o ṣe máa kí àwọn wọ̀nyí," ni Dókítà wí. "Àbí ta ló ń gbẹ̀jẹ̀ lára àgbà láì kí i?"

Muhsinah rò pé oòrùn Sokoto ti ṣe bàbá yìí léṣe. Àmọ́ ọwọ́ bàbá ni másítà wà, ló bá kúnlẹ̀. Láràárọ̀ fún ọdún méjì, yóò rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé, yóò kúnlẹ̀, yóò kí wọn, yóò ka ení, èjì, títí dé ogún, kó tó ki ọwọ́ bọ omi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìyàwó Ẹja.

Lóṣù kẹrin ọdún kan, iná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì tíì dé, omi táǹkì wá gbóná bí omi tíì. Dókítà da àwọn ẹja tó yẹ kó wà nínú omi tútù sínú ike, ó kó wọn sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá Àúdù, ó di ilé rẹ̀ ní Arkilla. Àúdù béèrè pé èló ni ọ̀kan. Dókítà ní wọn kì í ṣe títà, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Inú balùwẹ̀, níbi tí omi ti tutù, ló kó wọn sí. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ilé aládùúgbò ni Àpínkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti ń wẹ̀. Obìnrin náà ní ọdún kejìlélógún rèé tí àwọn ti fẹ́ra, ọkọ òun ò lóṣòó kí òun rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà lóṣòó níwájú rẹ̀ ní kíṣìnì. Àpínkẹ́ ló wá ta gìrì bí ẹja àrọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Muhsinah dúró níwájú àwọn olùdánwò ni Dókítà kú, àìsàn ọjọ́ péréte.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdulwahab, tí wọ́n pè wá láti yunifásítì mìíràn, fi ìka sí ojú ìwé kan.

"Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹja inú omi tútù yìí kò lọ sókè sódò rárá. Ti gbogbo olùwádìí yòókù máa ń ṣe ségesège. Ṣé kì í ṣe pé o jókòó kọ ọ́ láti orí ara rẹ?"

Muhsinah wo àga tí Dókítà ì bá jókòó sí. Bí kò bá rí èsì fọ̀, iṣẹ́ ọdún méjì wọgbó nìyẹn, orúkọ òkú yóò sì bà jẹ́ mọ́ ọn.

"A máa ń kúnlẹ̀ kí wọn ni, sà."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn lọ wò ó.

Ní láàbù, ó dúró ti táǹkì. Òjìji rẹ̀ bọ́ sójú omi, àwọn ẹja ta gìrì. Nígbà tí omi tòrò, Muhsinah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn. Ẹja kankan ò mira. Ibẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti wá lóye: ẹni tó bá kúnlẹ̀, òjìji rẹ̀ kì í dé ojú omi, ẹja kò ní ta gìrì, ṣúgà rẹ̀ kò sì ní lọ sókè. Ká ní ọ̀rọ̀ òjìji ni Dókítà sọ fún un ni, ì bá ti gbàgbé lọ́jọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ló ń gbàgbé ìkíni?

Ọ̀jọ̀gbọ́n ká agbádá rẹ̀ nílẹ̀, ó lóṣòó ti Muhsinah. "Ẹ kúulé o," ló wí fún àwọn ẹja. Ó ní kó kọ ọ́ sínú ìwé náà bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, oyè rẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn olùdánwò jáde, Muhsinah ṣì wà lórí eékún. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, nítorí ó fẹ́ràn Dókítà gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kò kúnlẹ̀ kí i rí: ọjọ́ tí wọ́n ríra kẹ́yìn, torí kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó fẹ́ gbé e lọ sí àdúgbò Minanata ti fẹ́ gbéra, ó sì kàn juwọ́ sí i láti òkèèrè.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló wí sójú omi. Ó ka ení, èjì, títí dé ogún. Ẹja kankan ò mira.