Ẹni Tó Ní Kí Gbogbo Wa Dúró Lójú Fèrèsé

Ó dìgbà o, Àjàní ọkọ mi. Ó dìgbà tí èmi náà bá dé kí n tó tún gbọ́ bí ẹ ṣe ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí opó sorí kọ́, kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n sọ. Ikú tó dé yìí, ara yín nìkan ló rí mú. Ohun tí ẹ fi ọpọlọ yín kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìbà láàárọ̀ tí mò ń kọ èyí.

Kí àwọn tó wá sin yín lè mọ ẹni tí wọ́n ń sin, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọmọ apẹja ìlú Ọ̀jọ́ ni yín. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ọkọ̀ ojú omi sì pọ̀ ju mọ́tò lọ ládùúgbò wa. Ìyá bàbá yín ló tọ́ yín. Ìyá àgbà ní yàrá kan tí wọ́n ń kó ẹja gbígbẹ gbogbo agboolé sí, lórí pẹpẹ tí wọ́n fi okùn so kọ́ òkè. Nígbà òjò, àlejò kan wọ yàrá náà. Kò ní ibi kankan lọ́kàn, okùn tí yóò fi so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èèkàn ló ń wá. Ó rí okùn tó yi dáadáa, ó tú u. Okùn tó gbé pẹpẹ dúró ni. Gbogbo ẹja dà sínú omi òjò tó ti wọlé, ó bàjẹ́. Ilé apẹja wá ń jẹ ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja títí òjò fi dá.

Láti ìgbà náà ni Ìyá àgbà ti ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn, tí wọ́n sì lu fèrèsé kékeré sára ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan, ì báà ṣe ọkọ wọn, yóò dúró lójú fèrèsé, yóò sọ ohun tó fẹ́, wọn yóò sì gbé e fún un. Àwọn ẹbí bínú, wọ́n ní ṣé olè làwọn ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ èsì tí Ìyá àgbà fún wọn fún mi: "Ẹni tó tú okùn kì í ṣe olè. Ẹ ṣáà dúró lójú fèrèsé."

Ọ̀rọ̀ yìí lẹ gbé lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ máa ń sọ fún mi tí a bá ń jẹun pé ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ń darí gbogbo ìyókù, tí ẹ̀yin oníṣẹ́ ń pè ní kẹ́nẹ̀lì. Mẹ́mórì tirẹ̀, ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí, gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀. Àwọn ètò tí aráyé ń lò lórí kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ wo inú rẹ̀, ká má tíì sọ pé kí wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ nǹkan, kó béèrè. Kẹ́nẹ̀lì á wò ó bóyá ó tọ́, á sì bá a ṣe é. Mo ní ṣé gbogbo ètò yìí ló burú ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, àlejò tó ń wá okùn ni wọ́n."

Ẹ̀yin lẹ kọ kẹ́nẹ̀lì inú ẹ̀rọ tó ń mú kí àpótí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé máa móoru, nílé ìgbẹ̀bí ní Ìbà. Àwọn tó gbà yín síṣẹ́ ní kí ẹ wó ògiri náà. Wọ́n ní bíbéèrè lójú fèrèsé ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn, kí ètò tó ń kọ orúkọ aláìsàn máa wọlé tààrà. Ẹ ní, "Kó falẹ̀, kọ́mọ yè." Wọ́n lé yín. Ẹ fẹsẹ̀ rìn wálé sí Òkokomáìkò, ẹ ní kí n bu oúnjẹ wá. Inú ń bí mi, ẹ̀yin ń ya ẹran ara ẹja. Ìyá tó ni ilé ìgbẹ̀bí ló gbèjà yín. Màmá náà ní ẹ̀rọ tàwọn ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí inú rẹ̀ padà àfi ẹ̀yin, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, tó ń ṣí i bíi kọ́kọ́rọ́, sí yín lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ètò tó ń kọ orúkọ ya wèrè. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré. Ọmọ tí Mórẹ́nikẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wà nínú ọ̀kan nínú àpótí yẹn. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ní kí èmi náà ki tèmi bọ̀ ọ́. Ó móoru, wèrè ètò yẹn kò kọjá ojú fèrèsé. Ọmọ náà ló gbé àwòrán yín síwájú pósí lónìí.

Wọ́n tún dé lọ́sẹ̀ tó kọjá o, àwọn tó lé yín. Wọ́n ní àwọn wá kí mi kú ará fẹ́ra kù. Omi tí mo gbé fún wọn ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n fi béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé yẹn, kí àwọn lè wó ògiri. Wọ́n ní ẹ ti lọ, kí agídí yín bá yín lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n jókòó síbí, ìwé ìsìnkú yìí sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ jẹun, ẹ mu. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ọkọ mi sọ sí mi létí kí ohùn wọn tó lọ, ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Àjàní, ọmọ apẹja, ẹ sùn re, ẹ má wẹ̀yìn. Ẹni tó bá wá okùn wá, èmi ló máa bá lójú fèrèsé.

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó yín